Àpáàdì fún Iná Fúlórìnì

Bí a bá rán ọmọ lọ fọnná ní ilé aládùúgbò, kì í fi ọwọ́ lásán bu ẹ̀yinná. Àpáàdì ni ó fi ń gbé e. Àwọn àgbà kò ṣìnà nígbà tí wọ́n wí pé àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kẹ́místírì wá fún èròjà kan tí ń jẹ́ fúlórìnì.

Afẹ́fẹ́ olóró ni fúlórìnì. Níbi tí Louyet ará Bẹ́ljíọ̀mù àti Nicklès ará Faransé ti ń wá a ni wọ́n ti kú. Moissan, ará Faransé pẹ̀lú, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní ọdún 1886. Síbẹ̀, bí fúlórìnì lásán bá kan epo tàbí ohun mìíràn tí kábọ̀nù wà nínú rẹ̀, kíá ni ó lè gbiná, kí ó sì run ohun náà.

Swarts, ará Bẹ́ljíọ̀mù, wá ọgbọ́n sí i ní nǹkan bí ọdún 1892. Ó lo fúlórìnì tí a ti so mọ́ áńtímónì, èròjà kan tí ó fara jọ irin. Nígbà tí a bá pò ó mọ́ omi kan tí kábọ̀nù kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ di kílórìnì mẹ́rin mú, pàṣípààrọ̀ a bẹ̀rẹ̀: áńtímónì a fi fúlórìnì sílẹ̀, a sì gba kílórìnì dípò. Nítorí pé fúlórìnì ní láti kọ́kọ́ já ìdè rẹ̀, ìbínú rẹ̀ a rọ̀. Báyìí ni a ṣe lè pààrọ̀ méjì nínú kílórìnì mẹ́rin náà, láìfọ́ ìyókù. Bí fúlórìnì bá tán, ásíìdì tí ó ní fúlórìnì nínú ni a fi ń fún áńtímónì ní òmíràn, bí ìgbà tí ọmọ tún gbé àpáàdì padà lọ fọnná.

Ọ̀nà yìí ni Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1928. Ní àkókò náà, afẹ́fẹ́ inú fìríìjì lè pa onílé bí ó bá jò. Èyí tí wọ́n ṣe kì í gbiná, kò sì ní oró. Ṣùgbọ́n ní 1974, Molina àti Rowland fi hàn pé, nítorí pé kì í tètè bàjẹ́, ó ń gòkè dé òfuurufú; níbẹ̀ ni ìtànṣán oòrùn ti ń tú kílórìnì tí ó kù nínú rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ń ba ósónì, agboòrùn ayé, jẹ́. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan ní Montreal, ní Kánádà, láti dín ṣíṣe rẹ̀ kù.

Àpáàdì gbé iná délé láìjó ọmọ lọ́wọ́; ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọnná wálé ni ó yẹ kí ó mọ ibi tí yóò da eérú rẹ̀ sí.