Bí Àká Ṣe Kọ́ Láti Máa Gbé Ẹrù Fúnra Rẹ̀

Ẹni tó bá ti wà ní Ìsẹ́yìn lásìkò tí àgbàdo ń jáde mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ̀. Ọkùnrin méjì á di àpò mú létí, wọ́n á gbé e ru ẹnì kẹta tó ti fi òṣùká sórí, onítọ̀hún á sì gba orí pákó wọnú ọkọ̀. Àpò kan lè tó 100 kílò. Bí ọkọ̀ bá dé ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ n'Ìbàdàn, orí náà ni wọ́n á tún fi rù ú wọlé. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí ìjọba tún ṣe ti mú ìrìn náà yá, ṣùgbọ́n ìdìkọ̀ àti ìjákọ̀ wà bí wọ́n ṣe wà.

Bẹ́ẹ̀, ó ti lé ní 230 ọdún tí ẹnì kan ti gba ẹrù báyìí kúrò lórí èèyàn. Oliver Evans lorúkọ rẹ̀, ọmọ Delaware ní Amẹ́ríkà. Nígbà náà, ilé alájà ni wọ́n máa ń kọ́ fún ọlọ àlìkámà. Èèyàn ló ń fi èjìká gbé àpò gun òkè, kí àlìkámà lè bọ́ sẹ́nu ọlọ. Gbígbóná ni ìyẹ̀fun ń jáde nísàlẹ̀, nítorí náà wọ́n á tún gbé e padà sókè, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù, kí wọ́n tó kù ú. Orí ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí náà ni wọ́n ń rìn, ìdọ̀tí ẹsẹ̀ wọn kò sì yọ ìyẹ̀fun sílẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1785, Evans kan àwọn ife kéékèèké mọ́ bẹ́líìtì awọ tó ń yí po. Ife á bu àlìkámà nísàlẹ̀, á lọ dà á sókè. Ó ṣe òmíràn tó ń ti ọkà lọ ní ìbú, ó sì ṣe apá onígi tó ń yí lórí ilẹ̀, tó ń tẹ́ ìyẹ̀fun kó tutù. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tí omi ń tì ló ń yí gbogbo wọn. Bí omi bá dẹwọ́, ọlọ á dẹwọ́, bẹ́líìtì náà á dẹwọ́. Kò sí èyí tó lè sáré ju èkejì lọ. Àwọn ọlọ́lọ àdúgbò kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ onímọ̀ ẹ̀rọ lọ́dún 1790, ìkẹta irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. George Washington pàápàá gba irú ẹ̀rọ náà sínú ọlọ tirẹ̀.

Lọ́dún 1842, Joseph Dart àti Robert Dunbar gbé ọgbọ́n yìí lọ sí èbúté Buffalo. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń tì yí bẹ́líìtì oníife, ó ń gbọ́n ọkà jáde nínú ọkọ̀ ojú omi lọ sínú àká gíga. Ẹnì kan ti sọ fún Dart pé ẹ̀yìn àwọn lébìrà ará Ireland dínwó ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ náà ń gbé nǹkan bí tọ́nù 27 ní wákàtí kan.

Àká onípẹpẹ gíga ìgbàlódé dé ní 1962, nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ Demag kọ́ ọ̀kan fún ilé iṣẹ́ ìwé Bertelsmann ní Gütersloh, Jámánì. Nínú irú àká bẹ́ẹ̀ lónìí, mọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì sábà máa ń rọ wọ́n. Kọ̀ǹpútà ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ omi Evans ń ṣe: kí ẹsẹ̀ gbogbo wọn lè dọ́gba. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà yapa. Ní oṣù Keje 2021, róbọ́ọ̀tì mẹ́ta forí gbárí nínú àká Ocado, ilé ìtajà oúnjẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní Erith, nítòsí Thamesmead àti Woolwich tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Iná sọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì rí ọjà tí wọ́n ti rà gbà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Sáílò tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ káàkiri Nàìjíríà jẹ́ 33, wọ́n lè gba mílíọ̀nù 1.3 tọ́nù. Ọmọ ìyá ẹ̀rọ Dart ni wọ́n. Òṣùwọ̀n ọkọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kòtò ìdàkà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń fẹ́ pàǹtí, ẹ̀rọ tó ń gbẹ ọkà, bẹ́líìtì oníife, kó tó wá kan agolo ńlá tí gbogbo ayé ń yà fọ́tò. Bí ẹ̀rọ ìgbẹkà bá ń gba tọ́nù 5 ní wákàtí kan, tí bẹ́líìtì ń gbé 20, àgbàdo tútù á jókòó sínú kòtò. Omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 13 nínú 100, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbóná, á bu, adìyẹ ò sì ní í lè jẹ ẹ́. Iná ìjọba tí kò dúró wá di kẹ̀kẹ́ omi tiwa, àfi kí jẹnẹrétọ̀ lè gbé gbogbo ẹ̀rọ náà pọ̀.

Ilé ìwádìí nípa ìpamọ́ irè oko, NSPRI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kò jìnnà sí wa ní Ìlọrin. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì LAUTECH sì ti dé Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tí ẹ ń gbèrò àká, ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó bá agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ síwèé. Ẹ béèrè iye tọ́nù tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbà ní wákàtí kan, kí ẹ sì mú èyí tó kéré jù nínú wọn. Òun ni àká yín á máa gbà, bó ti wù kí agolo rẹ̀ ga tó.