Alárinà Kì Í Ṣe Wálíyì: Ta Ló Láṣẹ Lórí Lẹ́tà Inú Fóònù Wa?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àáfà wa, ẹni tó bá ti gbé ìwé ìpè wòlímọ̀ tàbí ti yìgì lọ tẹ̀ ní Tẹ́júoṣó yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Nígbà mìíràn, Lárúbáwá inú rẹ̀ á jáde dáadáa, ṣùgbọ́n àmì ohùn Yorùbá á fò kúrò lórí lẹ́tà, tàbí kí àpótí kékeré jókòó sí ipò "ẹ̀". Ọmọ tó ń tẹ̀wé la sábà máa ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà jìnnà jù ú lọ.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́, nọ́ńbà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ibi méjì ni wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn nọ́ńbà yìí. Èkíní ni Unicode, ẹgbẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní California ní 1991. Èkejì ni ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà òṣùwọ̀n kalẹ̀. SON, tí gbogbo ọlọ́jà mọ̀, ló ń ṣojú Nàìjíríà níbẹ̀. Ní 1991, àbá tí ISO kọ́kọ́ gbé jáde kò rí ìbò tó. Ni wọ́n bá pa iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti Unicode, ìwé tó bára mu sì jáde ní 1993.

Nínú ìgbìmọ̀ ISO tó ń rí sí lẹ́tà, ipò alárinà ni Unicode wà. Àwa náà mọ alárinà nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó lè gbé ọ̀rọ̀ lọ, kó gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, kó sì gba ìdílé méjèèjì nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìgì, wálíyì ló ń fọmọ fọ́kọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Unicode ń gba ìwé ìpàdé, tó ń mú àbá wá, tó sì ń rán onímọ̀ lọ, àmọ́ kò ní ìbò níbẹ̀. Àjọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò. ISO náà kò lè pàṣẹ nínú ilé Unicode, níbi tí àwọn bíi Google, Apple àti Microsoft ti ń dìbò. Amánà ló so wọ́n pọ̀: bí ọ̀kan bá dá nọ́ńbà ṣe láìsí èkejì, ìwé gbogbo ayé á dàrú.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n "ẹ̀" àti "ọ́" kò ní: nọ́ńbà lẹ́tà àti ti àmì la ń tò tẹ̀léra. Ìlànà tó wà nílẹ̀ sì ni pé wọn kì í fi irú lẹ́tà alámì bẹ́ẹ̀ kún ìwé náà mọ́. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n tò ló ń jẹ́ kí àmì sá lọ.

Alárinà kì í jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Oman tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti gba ìjókòó olùdìbò ní Unicode rí. Ní 2016, fáà, qáfù àti núnù bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n ní ìlànà Warsh ní Áfíríkà gba nọ́ńbà tiwọn, nítorí pé ẹnì kan kọ àbá.

Ẹnikẹ́ni ló lè kọ àbá sí Unicode. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè àti ẹ̀yin tó ni ilé kéwú, ẹ gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ bá SON pẹ̀lú. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó ìwé ìpè, ẹ ní kí wọ́n lo Noto Sans tàbí Charis SIL. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì mọ àmì wa í gbé.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tó ń pa amánà mọ́. Àmín.