Awakọ̀ Akẹ́rù ní Ọmọ Ọdún 55: Ìbéèrè Tí A Gbàgbé Láti Bi Í

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan gbogbo ẹni tí ó ti ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn rí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ewé yìí kọjá nítorí pé òun kì í ṣe awakọ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wọ iṣẹ́ ìjọba nígbà tí ó wà ní ọmọ 20 ọdún. (Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí, ìyàwó rẹ̀ ló ní kí n má dárúkọ, mo sì gbọ́ ti àwọn méjèèjì.) Ẹ mọ òfin iṣẹ́ ìjọba: ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọdún 60 láyé, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé, ilé yá. Báyìí ni ó ṣe di ẹni ọdún 55 tí ó ń jókòó sílé láàárọ̀, tí ọmọ méjì ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, tí gírátúìtì kò sì tíì dé. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì wa ní Ọ̀fà Garage níbí. Ó ní, "Àbúrò, mo fẹ́ ra pikọ́ọ̀pù tókúńbọ̀ kan, kí n máa fi kó píọ̀ wọ́tà fún àwọn tí ń tà á."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kẹ̀?"

Ó ní, "Èmi ni. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń wa mọ́tò."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀, èmi gan-an wà lára àwọn tí kò fẹ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni a ń wò. A bi í bóyá ojú rẹ̀ ń ríran lálẹ́, a bi í nípa láísẹ́ǹsì, a ní kí ó lọ bi àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó irú èyí tí ó bá ọkọ̀ àti iṣẹ́ náà mu, ó sì lọ. A bi í nípa bíréèkì àti táyà. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀wé. Alága ní kí a fún un, onídùúró méjì fọwọ́ sí i, ó ra ọkọ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wa, títí kan èmi tí mo mú bírò lọ́wọ́, tí ó bi í pé ta ni yóò máa gbé omi náà.

Mo ti rò ó wò, mo sì mọ ohun tí ó tàn wá jẹ. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé ní 1986, tí owó oṣù kò tó jẹun mọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti olùkọ́ ló sọ mọ́tò ara wọn di kabú-kabú. Àwọn àgbààgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì náà ṣe é, ó sì gbè wọ́n. Bí a bá ti gbọ́ pé àgbàlagbà fẹ́ máa wa ọkọ̀ jẹun, ibẹ̀ ni ọkàn wa ń lọ. Ṣùgbọ́n èrò ni kabú-kabú ń gbé. Èrò a máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, a sì máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹrù kì í rìn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ta omi náà yóò jẹ́rìí mi. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀rá 20 ni, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl. Lítà 10 nìyẹn, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ kílò 10. Lójú ẹni tí ó gbé ẹyọ kan, kò tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n ń kó 100 àpò nírìn kan, ẹgbẹ̀rún kílò, ó sì ń rìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́: láti ilé iṣẹ́ omi dé Gáà Akánbí, láti ibẹ̀ lọ sí apá Ìpata, kí ó tún padà sí ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. 3,000 kílò ni ó ń gbé gòkè, 3,000 náà ni ó ń gbé sọ̀kalẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di sìmẹ́ńtì, àpò 60 ni ó ń gbé sókè ọkọ̀ tí ó sì tún ń gbé 60 bọ̀ sílẹ̀, ní ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó fi 35 ọdún di bírò mú.

Oṣù kìíní ó san owó rẹ̀ pé. Oṣù kejì ó san àbọ̀. Oṣù kẹta, a kò rí i. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró rẹ̀, ìyá oníata kan ní Ìpata, wá bá mi. Ó fẹ́ yọ owó ìfipamọ́ rẹ̀ láti fi ra ata kí ó tó wọ́n, n kò sì lè fún un nítorí pé owó náà ló fi dúró fún ẹ̀gbọ́n. Ó wò mí títí, ó ní, "Àkọ̀wé, ṣé owó mi ti bómi lọ nìyẹn?" N kò rẹ́rìn-ín.

Mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n. Orí ẹní ni mo bá a, ó dojú bolẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń fi Aboniki ra á lẹ́yìn. Ó ní bí òun bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì, ọjọ́ kẹta òun kò ní lè dìde. Ó ní ẹsẹ̀ òun kan tilẹ̀ ti ń kú tipiri. Mo ní kí a kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ẹ̀yìn tí ó bá ti ń ran ẹsẹ̀ ti kúrò ní ti ìpara. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ níbẹ̀, ó ti kọjá 140 lórí 90, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí yóò gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ní láti kọ́kọ́ rí dókítà. Tí ó bá ti pé 45, ọdún márùn-ún márùn-ún ni yóò tún máa rí i. Láti 65, ọdọọdún ni. Pikọ́ọ̀pù kì í ṣe tirélà o, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó bi ẹ̀gbọ́n léèrè dókítà?

Lẹ́yìn náà ni a jókòó ti ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó kọ epo sí i, ó sì tọ́ láti bẹ̀rù epo, nítorí gbogbo wa mọ bí ó ti fò sókè láti ìgbà tí wọ́n kéde ní 29 May 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Ó kọ òróró ẹ́ńjìnnì, táyà, tíkẹ́ẹ̀tì. Níbi tí ó yẹ kí owó agbẹ́rù wà, ó kọ ọ́ pé: "èmi fúnra mi." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀yáwó náà.

A tún un ṣe. Ó gba ọmọkùnrin kan, ó ń san owó fún un lójoojúmọ́. Ó dín ìrìn kù sí méjì. Ó bẹ àwọn ìyá tí wọ́n ń ra omi lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ọmọ wọn máa gba àpò lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn kan gbà, àwọn kan bú u, ó fi àwọn yẹn sílẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ó gbé e, bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ ló ń ṣe: kí ó tẹ orúnkún, kí ó má tẹ ẹ̀yìn, kí ó gbá àpò mọ́ àyà, kí ó fi ẹsẹ̀ yí, kí ó má lọ́ ìbàdí. Lákòókò ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ó ń jáde, aago mẹ́wàá kì í bá a lójú ọ̀nà. Ó ní òun kò lè máa gbé omi káàkiri nínú oòrùn, kí òun má sì lè mu nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ń mú wálé lójúmọ́ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ báyìí, tẹ́lẹ̀ kì í lè ṣe ju mẹ́rin lọ. Ó ti san oṣù mẹ́ta léraléra. Gbèsè oṣù kan ààbọ̀ ló kù lẹ́yìn, ó sì ti kọ̀wé pé kí a fi oṣù mẹ́rin kún ọjọ́ tí òun yóò fi san án tán. Ìyá oníata ti fọwọ́ sí i, ó kàn ní kí a dá ìdajì owó òun sílẹ̀ fún òun ná. Ní tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò kan péré ni mo ní.

Ọ̀rọ̀ náà yóò wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò oṣù yìí, pẹ̀lú ìlà méjì tí mo fẹ́ kí a fi kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ọkọ̀: ta ni yóò máa gbé ẹrù, èló sì ni owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọmọkùnrin tí ó ń wá iṣẹ́, kí ó rí mi kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tí ń bá ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ ti ní òun ń lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́yìn Iléyá.