Nọ́ọ̀sì Tí Ológun Ń San Owó Rẹ̀: Bí Ọmọ Bá Fẹ́ Yí Ẹ̀kọ́ Padà Ńkọ́?

Láti Igolo ní ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, bodè Ìdí-Ìrókò kò jìnnà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì wà lápá méjèèjì. Àwọn kan nínú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kí ọmọ náà kọ́. Bí ìròyìn bá wá dé ilé pé ológun Amẹ́ríkà yóò san owó yunifásítì ọmọ kan kó lè di nọ́ọ̀sì, inú gbogbo wa á dùn. Àdéhùn tó wà nídìí owó náà ló yẹ ká gbọ́ yékéyéké, pàápàá bí ọmọ bá dé kíláàsì tó rí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tòun.

ROTC ni wọ́n ń pe ètò náà. Ọmọ ń lọ kíláàsì bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń jí ní kùtùkùtù fún eré ìdárayá ológun, ó sì ń kọ́ bí a ṣe ń darí ọmọ ogun. Òfin ọdún 1916 ló dá a sílẹ̀. Òfin 1964 ló fi owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó wà lónìí kún un. Ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọ ogun orí ilẹ̀ ti wà ṣáájú, láti 1901, ó sì di 1955 kí wọ́n tó gba ọkùnrin síbẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ló lè gba owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ROTC. Green card kò tó.

Ẹni tó bá gba dìgírì nọ́ọ̀sì, tó sì yege nínú NCLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, á di ọ̀fíísà nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ìsìn ọdún 8 ló jẹ ìjọba lápapọ̀, ó sì sábà máa ń lo 4 níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ológun ojoojúmọ́.

Ẹni tó ń ka ìtàn lè di ọ̀fíísà ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀; ìwé tó kà kò dí i lọ́nà. Ti nọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí dìgírì nọ́ọ̀sì, kò sí ipò ọ̀fíísà nọ́ọ̀sì, àyè yẹn gan-an ni ìjọba sì ń san owó lé lórí. Nítorí náà, ọmọ kò lè dédé lọ yí ẹ̀kọ́ padà ní ọ́fíìsì yunifásítì. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀fíísà tó ń darí ètò náà nílé-ìwé rẹ̀, ohun tí ológun bá sì nílò lásìkò yẹn ló ń pinnu ìdáhùn. Wọ́n lè gbà kó máa bá a lọ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n sì lè gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, ó lè di pé kó dá owó padà, tàbí kí wọ́n pè é wọ iṣẹ́ ológun láìsí ipò ọ̀fíísà.

Ọdún àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó gba owó ọdún 4 lè kúrò kí ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, láìjẹ gbèsè kankan. Mo bẹ àwọn òbí: ẹ má ṣe fi ìtìjú dí ọmọ lẹ́nu lọ́dún yẹn.

Ní agbègbè tiwa, kí ọmọ tó wọlé ni ìpinnu ti ń parí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ológun tó wà ní Lomé ń kọ́ dókítà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Yunifásítì Lomé ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, abẹ́ àṣẹ ológun ni wọ́n ń gbé. Niamey ní irú tirẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò ìwọlé ibẹ̀ ti mọ ohun tó fẹ́ dà.

Ohun tó dùn mí jù nínú ti Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò fẹ́ yí padà rárá. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀, ọdún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ìmúrasílẹ̀ lásán. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á tún díje kó tó wọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì gan-an. Ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà tọkàntọkàn lè máà rí àyè wọlé nítorí máàkì kẹ́mísírì kan, nígbà tí àkókò àtikúrò láìjẹ gbèsè ti kọjá. Àwọn yunifásítì mìíràn máa ń gba ọmọ sí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ọmọ tó buwọ́ lùwé, kó béèrè èwo ni ti ilé-ìwé tó ń lọ.