Ẹ Má Tíì Ta Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Yín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń bá ará àdúgbò tẹ ìwé ni ó ti ra kọ̀ǹpútà tuntun, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn àtijọ́ sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn á ní ó ti bàjẹ́. Wọn á tà á ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá. Òun àti kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè ara wọn ni.

Ẹ wò ó báyìí. Nígbà tí Òyìnbó ń ṣe ìjọba, tápítà ní í máa dúró láàárín ajẹ́lẹ̀ àti àgbẹ̀ tí ó wá rojọ́. Bí tápítà kò bá dé, ẹjọ́ dúró nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ajẹ́lẹ̀ kò ya odi, tí àgbẹ̀ náà kò sì ya odi. Irú tápítà bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò wa mọ́tò kankan o.

Tápítà àtijọ́ kì í sábà bá kọ̀ǹpútà tuntun lọ. Windows 11, tí ó jáde ní 2021, kò ní oríṣi 32-bit. 64-bit nìkan ni. Dírẹ́bà 32-bit kò lè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n 64-bit tí a ṣe fún Windows 10 sábà máa ń wọ̀ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà. Bí ẹ̀rọ yín bá ń lo wáyà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ti àtijọ́, kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ihò rẹ̀. Wáyà kan wà lọ́jà tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ USB, tí ìkejì bá ẹ̀rọ àtijọ́ mu. Lẹ́yìn náà, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ̀rọ, kí ẹ wá dírẹ́bà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣe é gan-an. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ sanwó níbòmíràn, ẹ má dá a lóhùn. Kòkòrò ni ó lè fi sínú kọ̀ǹpútà yín.

Bí wọn kò bá ṣe é mọ́ ńkọ́? Ó kù sí irú ẹ̀rọ tí ẹ ní. HP LaserJet 1320 gbọ́ èdè kan tí ń jẹ́ PCL, èdè tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gbọ́. Universal Print Driver tí HP ṣe, tápítà kan fún ẹ̀rọ púpọ̀, lè bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n LaserJet 1020 yàtọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ kéré. Ìgbàkígbà tí ẹ bá tàn án, kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Dírẹ́bà tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ fún un. Ti 1320 kò lè rọ́pò rẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ má ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ọn, kí ẹ máa fi fláàṣì gbé iṣẹ́ lọ bá a. Bí ó bá jẹ́ Windows 7 ni, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí Microsoft ti dáwọ́ àbò rẹ̀ dúró láti oṣù kìíní 2020.