Bíbélì Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Onígbàgbọ́ ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká ní ìhà àríwá Èkìtì, Bíbélì kì í wọ́n. Bí kò bá sí lórí tábìlì ní iyàrá àlejò, yóò wà nínú àpótí pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ Ìsinmi. Bí kò bá sí nínú àpótí, yóò wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tí ó fi Bíbélì sábẹ́ ìrọ̀rí gbà pé agbára wà nínú rẹ̀, kò sì ṣìnà nínú ìgbàgbọ́ náà. Ṣùgbọ́n agbára tí ó ń wá, èyí tí yóò fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lóru, tí yóò sì fún un ní ìgboyà láti dojú kọ òwúrọ̀ ọ̀la, kì í ti inú páálí ìwé wọ inú orí. Ojú ni ó ń gbà wọlé, tàbí etí. Ìwé tí a kò ṣí kò yàtọ̀ sí iṣu tí a kò bẹ: ó wà nílé, ebi sì ń pa onílé.

Kì í ṣe àìgbọ́n ni ó fa àṣà yìí. Kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ni Yorùbá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lágbára. Ọfọ̀ wà, àyájọ́ wà, ìwúre wà. Ẹni tí ó mọ̀ wọ́n a máa pè wọ́n, a sì máa retí pé kí ohun tí òun pè ṣẹ. Nígbà tí Ìwé Mímọ́ dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á bí wọ́n ti ń gba àwọn ọ̀rọ̀ agbára ìṣáájú. Títí di òní ni à ń rí àwọn ìwé pélébé-pélébé tí ń kọ́ni ní iye ìgbà tí a óò ka Sáàmù kan sínú omi, àti iye àbẹ́là tí a óò tàn sí i. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ó fara sin. Pípè tí a bá pe ọfọ̀ bí ó ti yẹ, a gbà pé ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyànjú inú Bíbélì kò rí bẹ́ẹ̀. Òye ni ó ń béèrè. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó kà kò lè rí ìtùnú gbà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kà á ní ìgbà méje lóru.

Bí Ìwé Náà Ṣe Dé

Ìtàn bí Bíbélì ṣe di ti Yorùbá jẹ́ ìtàn ìyànjú fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1821 ni ogun kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ní 1822 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sierra Leone. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ ìwé kíkà. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ó di àlùfáà ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ní 1850 ni ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ Crowther. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí Thomas King, kò sinmi lórí iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn nínú wọn ti kú kí odidi Bíbélì tó jáde ní 1884. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé Róòmù yẹn sí orí kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹsẹ kẹrin, yóò rí ibi tí Pọ́ọ̀lù gbé ṣàlàyé ìdí tí a fi kọ àwọn ìwé àtijọ́ sílẹ̀: kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè kọ́ ẹ̀kọ́ sùúrù nínú wọn, kí wọ́n rí ìtùnú, kí ìrètí wọn má sì bà a jẹ́. Ọmọ tí ogun tú ilé rẹ̀ ká ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di èdè ìyá rẹ̀.

Ogun pẹ̀lú ni ó ṣí ọ̀nà fún ìwé náà dé Èkìtì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì lẹ́rú lọ sí ìlú òkèèrè. Nígbà tí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, parí, tí àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893, àwọn kan nínú àwọn tí a ti kó lọ padà wá sílé. Díẹ̀ nínú wọn ti di Onígbàgbọ́ ní ìdálẹ̀. Àlùfáà kò pọ̀ nígbà náà, ọ̀nà sì jìn. Àwùjọ kékeré tí ń pàdé láti gbàdúrà, láti kọrin àti láti gbọ́ ohun tí ẹnì kan bá kà sétí wọn ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ìjọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó ń gbọ́.

Ìyá Àgbà àti Ọmọ-ọmọ

Ìṣòro kan wà lónìí tí àwọn ará ìṣáájú wọ̀nyí kò mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti dàgbà kọjá ilé-ìwé ní ọdún náà, pàápàá àwọn obìnrin, kò rí ìwé kọ́. Àwọn tí ó kù nínú wọn ni ìyá àgbà òde òní. Ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ ní Bíbélì tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ṣùgbọ́n kò lè kà á. Ọmọ-ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ̀wé. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì geere. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé Bíbélì Yorùbá lé e lọ́wọ́, ahọ́n rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Àmì ohùn inú Bíbélì àtijọ́ kò pé, nítorí náà yóò ka ọkọ̀ bí ọkọ́, yóò ka igbá bí ìgbà. Ìtìjú yóò mú un, yóò sì pa ìwé dé. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan ṣoṣo yóò wà láàárín ẹni méjì nínú ilé kan, tí ẹnì kan kò sì ní lè ṣí i fún ẹnì kejì.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Yorùbá inú Bíbélì kì í ṣe ẹ̀ka èdè tí a ń sọ ní àríwá Èkìtì. Ẹni tí ó ń pe ilé ní ulé, tí ó sì ń pe igi ní ugi, ń gbọ́ èdè ìwé bí èdè ọjọ́ Ìsinmi: ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò wọ inú ilé ìdáná.

Ìtọ́jú àìsàn yìí kò gba owó. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ọmọ náà ka ẹsẹ mẹ́wàá péré sókè. Níbi tí ó bá ti kọsẹ̀, ìyá àgbà yóò tún un ṣe, nítorí pé etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ilé ìsìn láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí kíkà bá parí, kí ìyá àgbà fi èdè ilé sọ ohun tí ó gbọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti kúrò lórí ìwé, tí yóò sì jókòó ti ààrò. Ọmọ yóò mọ Yorùbá kà; ìyá yóò gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́; ìdánìkanwà tí ó ń bá àgbàlagbà fínra nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti ní òkè òkun yóò sì dínkù. Ìyànjú ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó ṣe àdúrà.

Ìwé fún Ọjọ́ Ìpọ́njú

Àwọn ènìyàn kan rò pé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni a gbọ́dọ̀ wá nínú Bíbélì. Èyí ni ó ń mú kí wọ́n pa á tì nígbà tí nǹkan kò bá dùn. Bíbélì kò fi ẹkún pamọ́. Àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ìkọ̀lé tí òjò dá dúró lórí àgbàdo rẹ̀ lè ṣí ìparí ìwé Hábákúkù. Yóò bá wòlíì kan níbẹ̀ tí ó ka àdánù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: igi eléso kò so, oko kò mú oúnjẹ wá, ẹran tán ní agbo. Wòlíì náà kò purọ́ pé oko yè. Lẹ́yìn tí ó ti ka àdánù náà tán ni ó tó sọ pé òun yóò máa yọ̀ nínú Ọlọ́run. Àgbẹ̀ tí ó bá ka èyí yóò mọ̀ pé òun lè sọ òótọ́ nípa oko òun níwájú Ọlọ́run.

Ní Ọ̀yẹ́, níbi tí a dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní 2011, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan sì wà ní Ìkọ̀lé, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń dá gbé nínú iyàrá tí wọ́n háyà. Àárẹ̀, àìsùn àti ìbẹ̀rù ìdánwò a máa mú kí ọ̀dọ́ rò pé ayé òun ti parí. Orí kọkàndínlógún nínú Ìwé Ọba Kìíní sọ ìtàn Èlíjà, ẹni tí ó sá wọ aginjù, tí ó jókòó sábẹ́ igi, tí ó sì tọrọ ikú. Ohun tí Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un kì í ṣe ìwàásù. Oorun ni, àkàrà gbígbóná àti omi. Ẹ̀yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó dé. Ẹni tí ó bá kà á dáadáa yóò kọ́ láti jẹun, láti sùn, àti láti wá ẹni tí yóò fọ̀rọ̀ lọ̀.

Ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó, àwọn mọ̀lẹ́bí a máa jókòó ti aláìsàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Fún irú òru bẹ́ẹ̀ ni Sáàmù kejìdínláàádọ́rùn-ún wà. Ẹni tí ó kọ ọ́ ráhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Sáàmù náà sì parí sínú òkùnkùn. Síbẹ̀ Ọlọ́run ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Kíkà rẹ̀ kò gba ipò oògùn tàbí ti dókítà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bá ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ wá ọ̀rọ̀.

Bí A Ṣe Lè Kà Á

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Orí 1,189 ni ó wà nínú Bíbélì. Ẹni tí ó bá gbìyànjú láti gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà yóò sú. Ṣùgbọ́n orí 260 péré ni ó wà nínú Májẹ̀mú Tuntun: orí kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò parí rẹ̀ láàárín ọdún kan. Ìwé Òwe ní orí 31, èyí tí ó bá ọjọ́ inú oṣù mu. Ìwé Àdúrà ti àwọn Áńgílíkà pín àádọ́jọ Sáàmù sí ọgbọ̀n ọjọ́, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ẹgbẹ́ Scripture Union, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1867, ti ń pèsè ètò kíkà ojoojúmọ́ láti 1879. Lónìí, oríṣiríṣi ìwé ìfọkànsìn ni ó wà lórí àtẹ, Bíbélì Yorùbá sì ti wọ inú fóònù.

Ẹ̀wù méjì wà níbẹ̀ tí a ní láti ṣọ́ra fún. Èkíní ni kí a ka àlàyé inú ìwé ìfọkànsìn, kí a sì fo ibi tí ó ní kí a kà nínú Bíbélì. Èyí dà bí ẹni tí ó jẹ ẹran, tí ó sì gbàgbé iyán. Èkejì ni ti fóònù: ìránṣẹ́ mìíràn a máa dé sórí rẹ̀ kí ẹsẹ mẹ́ta tó parí. Ó sàn kí a ti ilẹ̀kùn ìránṣẹ́ pa fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà.

Kí a kà á sókè. Kí a béèrè ohun tí ó sọ nípa Ọlọ́run àti nípa ènìyàn. Kí a mú gbólóhùn kan lọ́wọ́ lọ sí oko, sí ọjà tàbí sí kíláàsì, kí a sì máa jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ ti ń jẹ àpọ̀jẹ. Bí ọjọ́ kan bá fò, kí a má tìtorí rẹ̀ pa ìwé tì. Ẹni tí kò jẹun lánàá kì í tìtorí rẹ̀ gbààwẹ̀ títí ayé.

Nígbà náà ni Bíbélì yóò kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Etí rẹ̀ yóò máa gbó díẹ̀díẹ̀, òróró ọwọ́ yóò kàn án, ojú ewé rẹ̀ yóò sì máa rọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọkọ́ tí a fi ń roko kì í dípẹtà.