SAP kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí nìkan o! Sítọ́kípà tó di ọ̀gá nídìí kọ̀ǹpútà, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi owó ilé ṣòfò

Tẹ́ ẹ bá pe SAP sétí àgbàlagbà nílùú Èkó, kíá ni ojú rẹ̀ máa yí padà. Kò lè ṣe kó má rántí ọdún 1986, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí òrí inú oòrùn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dà sígboro lọ́dún 1989 pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe SAP yẹn la fẹ́ sọ lónìí. SAP tá à ń wí yìí, inú kọ̀ǹpútà ló wà, ilẹ̀ Jámánì ló sì ti wá. Àmọ́ bí ti àkọ́kọ́ ṣe tú àpò àwọn kan gbẹ, tó sì sọ àwọn kan di olówó, bẹ́ẹ̀ náà ni eléyìí ń ṣe.

Lọ́dún 1972 ni àwọn ọkùnrin márùn-ún kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ níléeṣẹ́ IBM nílẹ̀ Jámánì. Orúkọ wọn ni Dietmar Hopp, Hasso Plattner, Klaus Tschira, Hans-Werner Hector àti Claus Wellenreuther. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìwé tiẹ̀ kọ. Sítọ́ọ̀ ní lẹ́jà tiẹ̀, àwọn tó ń ṣírò owó ní tiwọn, àwọn tó ń tajà tún ní tiwọn, ó dìgbà tí oṣù bá parí kí wọ́n tó jókòó máa wá ibi tí owó gbà lọ. Ni wọ́n bá ní àwọn máa ṣe ètò kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ka á jọ máa lò. Iléeṣẹ́ ICI nílùú Östringen ni oníbàárà wọn àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbé èyí tí wọ́n pè ní R/3 jáde lọ́dún 1992, ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ayé. Nestlé tí àwọn ará Àgbárá ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ dáadáa yẹn bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2000.

Ẹni tó máa ń wá sí iléeṣẹ́ láti to ètò yìí kó bá iṣẹ́ wọn mu, tó sì máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa lò ó, òun ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹsọ́táńtì. Owó gidi wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní kò sí, irọ́ ló pa. Owó yìí náà ló sì ń fa àwọn èèyàn wa bí oyin ṣe ń fa èèrà.

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gba HND nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Owó ilé ọdún kan tó tọ́jú ló kó fún àwọn kan tí wọ́n ń kọ́ni ní SAP n'Ìkẹjà. Sátidé mẹ́fà péré ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ náà kò ju bọ́tìnnì tó máa tẹ̀ lọ: tẹ ibí, kọ eléyìí síbẹ̀, tẹ ọ̀hún. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí ni olùkọ́ wọn wá sọ fún wọn pé kí kálukú lọ kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́ pé òun ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún márùn-ún. Ó ní báyìí ni gbogbo ayé ṣe ń ṣe é.

Ọmọ náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ kan pè é fún íńtáfíù. Obìnrin kan ló bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, "Ẹ fi LPO béèrè fún 100 báàgì símẹ́ńtì. 90 báàgì ló dé. Ẹni tó tà á wá mú ìwé owó 100 báàgì wá. Kí lo máa ṣe?" Ọmọkùnrin náà dáhùn wéré, ó ní òun á tẹ MIGO, lẹ́yìn náà òun á tẹ MIRO. Irọ́ kọ́ ló pa o, orúkọ ibi tí wọ́n ti ń gba ọjà wọlé àti ibi tí wọ́n ti ń kọ ìwé owó sílẹ̀ nínú SAP nìyẹn. Obìnrin yẹn kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Mi ò bi ẹ́ ní bọ́tìnnì. Mo ní kí lo máa ṣe."

Kò rí nǹkan kan sọ. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún mi lọ́jọ́ tó ń ròyìn ẹ̀, "ẹ ò mọ̀ pé òógùn ń já bọ́ lára mi nínú ẹ̀rọ amúlétutù!"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò le fún ẹni tó bá ti jókòó sí sítọ́ọ̀ rí. Ìwé mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bára mu kí iléeṣẹ́ tó sanwó: ìwé tí wọ́n fi béèrè ọjà, ìwé tí sítọ́ọ̀ fi jẹ́rìí sí iye tó dé, àti ìwé tí oníṣòwò fi ń béèrè owó. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, owó ò gbọdọ̀ jáde. Tí wọ́n bá ti to SAP dáadáa, fúnra rẹ̀ ló máa ti ìwé owó yẹn pa, kò ní jẹ́ kí wọ́n san án títí ẹnì kan á fi wá sọ ibi tí 10 báàgì wọlé sí. Àbí wọ́n ń bọ̀ lọ́la ni? Àbí awakọ̀ ti já wọn sọ́nà? Àbí sítọ́kípà àti oníṣòwò ló jọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Ẹyin òǹkàwé wa tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́, ẹ mọ̀ pé mi ò purọ́, ibi tí iléeṣẹ́ ti ń jò gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹsọ́táńtì tí kò bá mọ ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn wo ló fẹ́ tì?

Ẹ wá gbọ́ ti obìnrin kejì. Èmi àti ẹ̀ kò ní í dárúkọ iléeṣẹ́ tó wà. Ọdún 11 ló fi ṣe sítọ́kípà, bíró àti káàdì ló fi ń kọ iye ọjà sílẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ wọn ra ètò orí kọ̀ǹpútà, àwọn kọ̀ǹsọ́táńtì dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, òyìnbó ń dún lẹ́nu wọn. Wọ́n kó orúkọ gbogbo ọjà tó wà nínú sítọ́ọ̀ jọ. Obìnrin yìí wò ó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́líìtì kan náà lẹ kọ sí ọ̀nà mẹ́ta yìí." Ó jẹ́ pé orúkọ tí mẹkáníìkì ń pè é yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ń ra ọjà ń pè é, èyí tó wà lára páálí tún yàtọ̀. Ká ní wọ́n gbé e wọ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà á máa sọ pé bẹ́líìtì ti tán nígbà tí 40 wà lórí pẹpẹ, wọ́n á sì máa ra òmíràn lé e.

Àtìgbà náà ni wọn ò ti ṣe ohunkóhun láì bi í. Ó ń bi àwọn náà ní ìbéèrè, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé eékà kan tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ dòní. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn tó wá kọ́ wọn ló ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mo bi í pé, "Àǹtí, ìgbà wo lẹ wá gba ìwé-ẹ̀rí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò mi, mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún fún ọdún méjì kí n tó lọ jókòó ìdánwò."

Mi ò sọ pé ìwé-ẹ̀rí ò dáa o. Èmi náà gba tèmi ní Poly. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́njú ní àárín ọdún 1990 sí 1999 á rántí bí ilé ìkọ́ni ní kọ̀ǹpútà ṣe kún gbogbo òpópónà, tí wọ́n ń kọ́ni ní WordPerfect, Lotus 1-2-3 àti Peachtree. Mélòó nínú àwọn tó gba Peachtree nígbà náà ló mọ ìyàtọ̀ gbèsè ẹni àti gbèsè tí wọ́n jẹ èèyàn?

Irọ́ ọdún márùn-ún yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá, torí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ló wà nínú ewu. Iléeṣẹ́ FoxMeyer l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pín oògùn káàkiri, gbé SAP R/3 wọlé, wọ́n sì kógbá wọlé lọ́dún 1996. Lọ́dún 1998, àwọn tó ń bójú tó ohun tó kù níbẹ̀ gbé SAP àti Andersen Consulting lọ sílé ẹjọ́, 500 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ni wọ́n kó wá, pé orí àwọn ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní àwọn ò jẹ̀bi. Ti Hershey tó ń ṣe ṣokoléètì ló tún yani lẹ́nu. Lọ́dún 1999, wọ́n kánjú gbé ètò tuntun wọlé nígbà tí ọdún Halloween ti ń sún mọ́lé. Ṣokoléètì wà ní sítọ́ọ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ọjà tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là ni wọn ò rí gbé fún oníbàárà.

Lidl ńkọ́, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ńlá ilẹ̀ Jámánì fúnra wọn? Ọdún méje ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹ̀, ìwé ìròyìn ọ̀hún ní owó tó tó 500 mílíọ̀nù yúrò ló bá a lọ, kí wọ́n tó pa á tì lọ́dún 2018. Iye tí wọ́n ra ọjà ni Lidl fi ń ṣírò ohun tó wà ní sítọ́ọ̀, iye tí wọ́n máa tà á ni ètò SAP fi ń ṣírò tiẹ̀. Dípò kí wọ́n yí ìṣe wọn padà, wọ́n ní kí wọ́n máa tún ètò náà ṣe kó lè bá tiwọn mu, àtúnṣe ń gun orí àtúnṣe. Iṣẹ́ ọ̀gá tòótọ́ ni kó sọ fún ẹni tó ń sanwó fún un pé, "Rárá sà, eléyìí ò ní í ṣeé ṣe." Ta ló láyà ẹ̀ nígbà tí owó ń wọlé?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Akáwùntáǹtì ní ẹ̀ka tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FI, MM ni ti àwọn tó wà ní sítọ́ọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń rajà, SD ni ti àwọn tó ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ràn kíkọ ètò kọ̀ǹpútà lè kọ́ èdè ABAP. Ẹ má gbìyànjú láti mọ gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán. SAP fúnra wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí SAP bá wọ́n jù láti fi dánra wò, ERPNext wà láti Íńdíà, Odoo wà láti Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀fẹ́ lèèyàn lè gba ERPNext àti irú Odoo tí wọ́n ń pè ní Community sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ẹ lọ fi ṣírò ọjà ṣọ́ọ̀bù ìyá yín ní Mushin fún oṣù mẹ́ta. Ohun tẹ́ ẹ máa rí á ju Sátidé mẹ́fà lọ.

Òfin ilẹ̀ wa náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020 ni ìjọba gbé owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT láti 5 lọ sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ará Jámánì tó máa wá tún un tò fún iléeṣẹ́ kan l'Ápápá tí ìwé owó tó kọ lóṣù kìíní kò tíì di sísan lóṣù kejì. Àǹtí wa yẹn sọ pé lọ́sẹ̀ náà, fóònù òun ò sinmi.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú. SAP kéde lọ́dún 2020 pé àwọn máa ṣíwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò fún ètò àtijọ́ wọn ní òpin ọdún 2027, pé kí àwọn oníbàárà kó lọ sórí èyí tuntun, S/4HANA, tó jáde lọ́dún 2015.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ńkọ́? Ó ti yọ ọdún márùn-ún yẹn kúrò nínú ìwé rẹ̀. Sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ ló wà báyìí, owó oṣù ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní káàdì ní òun ní ọjà 62 ló wà, òun ka 57 lórí pẹpẹ, òun ò sì ní í lọ sílé títí òun á fi mọ ibi tí márùn-ún wà.